Ọ̀pẹ Orí Àpáta

Ọ̀pẹ orí àpáta ni ìyá mi ń pè é. Wọ́n ní orúkọ a máa roni. Orúkọ yẹn ló pa á. Igi náà kì í ṣe ọ̀pẹ rárá. Ewé rẹ̀ le, ẹ̀gún wà létí ewé náà, kò sì sẹ́ni tó dá ẹmu lára rẹ̀ rí. Èso rẹ̀ pupa bí ẹyìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tó bá jẹ ẹ́ lè má délé.

Orí òkè tó wà lẹ́yìn oko ìyá mi ní Imoru ló ń hù sí. Nígbà tí àwọn afọ́kùúta gba òkè náà, mo sáré lọ ṣa ìwọ̀nba èso tí mo rí. Mo bó èèpo rẹ̀, mo rì í sínú yanrìn nínú ọgbà wa ní Isuada. Oṣù ń gorí oṣù, kò hù. Ọkọ mi ní òkúta ni mo gbìn, kí n ṣáà máa bomi rin ín, bóyá á di àpáta. Ẹyọ kan péré ló padà hù, kì í sì í tètè rúwé. Nígbà tó fi ga dé orúnkún mi, ìyá mi ti kú, òkè ti di kòtò. Igi náà nìkan ló kù tí mo lè fọwọ́ kàn.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó jẹ́ àgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, bi mí lọ́jọ́ kan pé kí lèyí.

"Ọ̀pẹ orí àpáta ni, Bọ̀dá."

Ọ̀pẹ nìkan ló gbọ́.

Nígbà tí Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ku ọ̀la, mo lọ síbi òkú ní Emure-Ile, mo sùn síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo gbà lọ tààrà láàárọ̀. Ẹni tó ń pín imọ̀ ọ̀pẹ lẹ́nu ọ̀nà fi ọ̀kan lé mi lọ́wọ́. Ó gún mi. Mo wò ó, ewé igi mi ni.

Bọ̀dá ń rẹ́rìn-ín bọ̀. "Ìyàwó, ṣé o rí i? Ọ̀pẹ ulé rẹ la fi ń pàdé Jésù!"

Ó gbà pé òun ṣe mí lóore. Hòsánà ń lọ lọ́wọ́, gbogbo ìjọ ń wò wá. Mo fẹ́ fi ewé náà nà án lójú. "Ẹ ṣé, Bọ̀dá," ni mo sọ.

Nígbà tí mo délé, mo rí i pé ó ti fi àdá gé igi náà mọ́lẹ̀, ó ní kó lè tún rúwé dáadáa. Òjò àkọ́rọ̀ wọ ojú ọgbẹ́ náà, ó jẹrà. Títí di òní, inú ń bí mi.

Nígbà tí Bọ̀dá gbọ́ pé igi náà kú, ó káàánú mi, ó sì gbé ọ̀pẹ àgíríìkì wá, èyí tó ń yára so. Ojú ibẹ̀ gan-an ló gbìn ín sí. Mo ń bomi rin ín, torí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló gbìn ín. Bí àlejò bá bèèrè pé kí ni mo gbìn síbẹ̀, mo máa ń ní ọ̀pẹ ni.