Ìwé tí A Jọ Kà ní Wákàtí Oúnjẹ Ọ̀sán

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba, n kò ka ìwé kankan rí àyàfi èyí tí olùkọ́ bá fi dandan lé. Nyanya, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àbújá, ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Àwọn òbí mi á sọ Yorùbá sí mi, èmi á fi Gẹ̀ẹ́sì dá wọn lóhùn, ọ̀rọ̀ á sì yé wa bẹ́ẹ̀. Ìwé ìtàn àkọ́kọ́ tí mo fi owó ara mi rà, ọwọ́ bàbá Haúsá kan tó ń tẹ́ ìwé àlòkù sórí ọ̀rá ní gáréèjì Jabi ni mo ti rà á. Fóònù mi ti kú lọ́jọ́ náà, bọ́ọ̀sì tí mo fẹ́ wọ̀ kò sì tíì kún. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Wọ́n pa olówó kan nínú yàrá tí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì pa. Nígbà tí mo fi máa sọ̀kalẹ̀ ní Nyanya, n kò lè pa ìwé náà dé mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi í sínú fáìlì kan, mo ń kà á lórí tábìlì mi ní ọ́fíìsì. Ìyá kan láti Èkìtì ló jókòó kọjú sí mi. Ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó bí mi, gbogbo wa sì ń pè é ní Mọ́mì.

"Kí lò ń kà nínú fáìlì yẹn tí o fi ń gbọn ẹsẹ̀?"

Mo pa fáìlì náà dé. "Ẹ má bínú, mà. Ìwé ìtàn ni."

"Ta ló kú?"

Mo ní olówó kan ni. Mọ́mì ti iṣẹ́ iwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Tó bá di wákàtí oúnjẹ, kà á sókè kí n gbọ́. Ojú mi ò gba lẹ́tà kéékèèké mọ́."

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé àìsàn kan ti ń jẹ ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wá, díẹ̀díẹ̀. Obìnrin tó ti ń kàwé láti kékeré! Ó lé lọ́dún méjì tí kò ti lè ka ìwé kan parí.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí àwọn yòókù bá ti lọ jẹun, àwa méjèèjì á gbé àga lọ sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ọ́fíìsì. Mọ́mì ní ìyàwó olówó yẹn ló pa á. "Ẹni tó bá sunkún jù ni kí o máa ṣọ́." Nígbà tó já sí pé kì í ṣe ìyàwó, ó bínú gidi. "Òǹkọ̀wé yìí ò mọ obìnrin."

Lẹ́yìn náà ló rán mi lọ ra ìtàn ìfẹ́. Ojú tì mí láti rà á, àmọ́ èmi ni mo sunkún níbi tí àwọn méjèèjì ti pínyà. A ka èyí tí wọ́n kọ láyé àwọn tó ń fi ẹṣin rìn. A ka ti àwọn tó wọ ọkọ̀ lọ sí ayé mìíràn lójú ọ̀run, lọ́dún tí kò tíì dé. Mọ́mì dá mi dúró: "Ta ló ń fọ aṣọ gbogbo wọn nínú ọkọ̀ yẹn?" N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òǹkọ̀wé tó ti kú láti ọgọ́rùn-ún ọdún lè mú inú bí mi nínú bọ́ọ̀sì Nyanya.

Lọ́jọ́ kan, bàbá Haúsá náà kí mi, ó sì nawọ́ ìwé kan tó ti gbó sí mi. "Sànnu. Tiyín rèé." Yorùbá ni, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó bí bàbá mi. Mo kà á fún Mọ́mì bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta.

"Kì í ṣe ọkọ́," ó ní. "Ọkọ̀ ló gbé obìnrin náà lọ. Ta ni ọkọ́ ń gbé?"

Obìnrin inú ìtàn náà ń wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lọ wa wúrà ní ilẹ̀ òkèèrè. Ó rìn títí, ó rí ẹ̀yìn ọkùnrin kan létí odò, ó sì pè é. Ibẹ̀ ni ìwé ti ya. A yẹ abẹ́ èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kò sí nǹkan kan. Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ara rẹ̀ parí rẹ̀. Lónìí, á ní ẹ̀gbọ́n náà yóò yíjú padà, wọn yóò dì mọ́ra. Lọ́la, á ní ó ti gbàgbé Yorùbá. Kò tíì yan èyí tó fẹ́ tó fi fẹ̀yìntì, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì wá mú un lọ sí Èkìtì.

Mo wá ẹ̀dà ìwé náà mìíràn fún bí ọdún méjì. Ará ìjọ wa kan tó ń kó kúrò ní Mpape ni mo lọ bá dirù, ni mo bá rí i nínú páálí, odidi rẹ̀. N kò ka ojú ewé ìkẹyìn. Mo pe Mọ́mì níbẹ̀ lórí ìdúró, mo sì kà á fún un lórí fóònù.

Ọkùnrin létí odò yíjú padà. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fún obìnrin náà ní iṣu sísun, wọ́n jọ jẹ ẹ́, obìnrin náà sì padà sílé.

"Hmm," Mọ́mì ní. "Tèmi dùn ju ti òǹkọ̀wé yẹn lọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni tiẹ̀."

Ó wá sọ fún mi pé òun kò ríran mọ́ rárá, pé ọmọ-ọmọ òun kan ló ń kàwé fún òun báyìí. "Ó mọ̀ ọ́n kà jù ọ́ lọ, kì í ṣi ohùn pè. Àmọ́ kì í dúró kí n bá àwọn ará inú ìwé jà."

Inú mi dùn pé ó rí ẹni kàwé fún un, mo sì jowú ọmọ náà, kí n má purọ́. Ẹni tó wà lórí àga Mọ́mì báyìí máa ń ki nǹkan bọ etí gbọ́ orin tí ọ̀sán bá ti pọ́n. Mo ṣì ń kàwé lábẹ́ igi náà, ti ayé àtijọ́, ti ayé tó ń bọ̀, èyíkéyìí tí mo bá rí. Bí mo bá dé ibi tó dùn, mo máa ń gbé orí sókè, mo sì ti la ẹnu kí n tó rántí pé èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀.