Bàbá Cornelius Tó Gbé Móńítọ̀ Lọ Bá Kọ́sítọ̀mù

Lọ́dún tí ìjọba ti bodè pa, gbogbo èèyàn ló ń sá fún kọ́sítọ̀mù. Ẹni tó ní àpò ìrẹsì kan ṣoṣo nílé, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń tì í sí, á tún wá ju aṣọ ìdọ̀tí lé e lórí. Ọdún yẹn gan-an ni Bàbá Cornelius gbé móńítọ̀ tó rà ní Kútọnu, ó fi ìró ìyàwó rẹ̀ wé e bí ọmọ tuntun, ó gun ọ̀kadà láti Pahayi nílùú Ìlaròó, ó sì lọ bá àwọn kọ́sítọ̀mù níbi tí wọ́n dúró sí lójú ọ̀nà Òwódé. Ẹnikẹ́ni ò mú un. Òun ló fúnra rẹ̀ lọ.

Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ń jẹ́ Caleb, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó jókòó sábẹ́ igi tó ń jẹ ẹ̀pà tiẹ̀. Bàbá tú ìró, ó gbé móńítọ̀ lé orí tábìlì rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ dákun, ẹ bá mi ṣí i."

Ọ̀gá Caleb wò ó títí. "Bàbá, kí lẹ ní kí n ṣí?"

"Ẹ̀yin lẹ tì í. Láti àárọ̀ àná ló ti dúdú."

Ọ̀gá Caleb ní bodè làwọn tì, àwọn ò ti tẹlifíṣọ̀n ẹnikẹ́ni. Bàbá ní kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n, móńítọ̀ ni, gíláàsì ńlá tí èèyàn ń so mọ́ kọ̀ǹpútà kí nǹkan lè hàn dáadáa, Kútọnu ló sì ti wá, ìyẹn lòun ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan ìjọba. Ó ní òun ò sọ pé kí wọ́n ṣí i pátápátá. Kí wọ́n máa tì í láti Mọ́ńdè dé Sátidé, kí wọ́n fi Sọ́ńdè sílẹ̀ fún òun. Ọ̀gá Caleb tún bó ẹ̀pà kan. Bàbá bá já a wálẹ̀: kí wọ́n sáà ti ṣí i ní Tọ́sìdeè tó ń bọ̀ yìí, tó jẹ́ ọjọ́ ìkómọ ọmọ-ọmọ òun, tí ó bá di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tún padà tì í.

Ọ̀gá Caleb wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rọra sọ fún Bàbá pé ẹrù Kútọnu ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé wá síwájú kọ́sítọ̀mù yìí o, kó yáa tètè máa gbé e lọ kí ọ̀gá òun tó dé.

"Ṣé ẹ ti tú u sílẹ̀ nìyẹn?"

"Mo ti tú u sílẹ̀, Bàbá. Ẹ máa lọ."

Bàbá fi ayọ̀ gbé e délé, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó tàn án. Móńítọ̀ dúdú bí kóró iṣin. Bàbá ní kò burú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ò tíì jẹ́ kí àṣẹ ọ̀gá Caleb dé.

Ẹni tí ò bá mọ bàbá yìí á rò pé orí rẹ̀ ò pé. Orí rẹ̀ pé ju ti èmi àti ìwọ lọ. Tíṣà ni, ó ti fẹ̀yìntì, ìdajì àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀gá n'Ílaròó lónìí, òun ló nà wọ́n kí wọ́n tó mọ ìṣirò. Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣe é ni pé kò sí nǹkan tí kì í ná. Ohun tí wọn ò tà gan-an, Bàbá Cornelius á ná an.

Lọ́jọ́ kan Pásítọ̀ kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá nawọ́ sókè láàárín ìsìn, ó ní ọjọ́ mẹ́ta ti wọ́n jù, kí ni jálẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ń fà á lọ, wọ́n ń fà á bọ̀ níwájú pẹpẹ títí ó fi wálẹ̀ dé ọjọ́ kan àti ààbọ̀, ìjọ sì pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, tí Pásítọ̀ bá fẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kan ló máa ń kọ́kọ́ pè é.

Nígbà tí ibà mú un, nọ́ọ̀sì ní abẹ́rẹ́ méjì ló máa gbà. Bàbá ní kó gún ọ̀kan, kó wá jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ló ná nǹkan tẹ́nikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ojú ìyàwó rẹ̀, Màmá Lábísí, ti ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù yẹn, òun ò rò pé ó lè kọjá ọdún yẹn. Bàbá ní kí dókítà fi kún un. Dókítà ní, "Bàbá, ojú kì í ṣe ọjà o." Bàbá ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n kó ṣì bá òun fi kún un.

Ọdún yẹn náà ni ọmọ wọn obìnrin kan ṣoṣo, Ìdùnnúolúwa, tó lọ́kọ sí Pòbẹ́ lódìkejì bodè, bí àkọ́bí rẹ̀. Láyé ijọ́un, kí lèèyàn ń pè ní Pòbẹ́? Èèyàn á jẹun àárọ̀ n'Ílaròó, á lọ jẹ tọ̀sán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bodè ti tì, ẹni tó bá máa kọjá, inú igbó ni ọ̀kadà máa gbé e gbà. Ta ló máa gbé arúgbó tójú ń dùn gba ojú ọ̀nà fàyàwọ́? Ìdùnnú náà ò lè wá, wọ́n la ikùn rẹ̀ kó tó bímọ. Wọ́n bá fẹnu kò pé ẹ̀rọ ni wọ́n máa fi rí ara wọn lọ́jọ́ ìkómọ, lórí fídíò.

Fóònù ò wúlò fún Màmá. Tí wọ́n bá gbé àwòrán èèyàn wá fún un lórí fóònù, ó ní bí ẹni da ẹ̀kọ síbẹ̀ ni. Kọ̀ǹpútà Bàbá fúnra rẹ̀ kéré. Móńítọ̀ Kútọnu yẹn tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn wọ́dírọ́òbù nìkan ni Màmá fi ń rí ojú èèyàn, tó bá sún mọ́ ọn dáadáa. Bàbá ti ṣèlérí fún un pé tí ojú náà bá tiẹ̀ máa lọ, kò ní lọ kó tó rí ọmọ yìí. Ohun tó wà nílẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ ẹ̀ wá rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nìkan.

Kọ̀ǹpútà ní tiẹ̀ ti ń yọ Bàbá lẹ́nu ọjọ́ pẹ́ pé àwọn tó ṣe é ní nǹkan tuntun tí wọ́n fẹ́ kó sínú rẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní ọ́pùdéètì. Ojoojúmọ́ ló ń bi í: ṣé ká ṣe é báyìí, àbí ó di ìgbà mìíràn? Bàbá á tẹ ìgbà mìíràn. Lójú tiẹ̀, ọjà ni wọ́n ń ná. Ó ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé wọ́n ti ń rọ̀, pé tí òun bá tún le díẹ̀ sí i, wọ́n máa já a wálẹ̀. Àfi ìgbà tó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tó bá a pé kọ̀ǹpútà ti ṣe ọ́pùdéètì fúnra rẹ̀ lóru. Gíláàsì kékeré ara kọ̀ǹpútà ń tàn, ṣùgbọ́n móńítọ̀ ńlá ti kú fin-ín. Inú bí Bàbá gidi. Ó ní, "Irú ìyà wo nìyí? A ò tíì fẹnu kò, ẹ ti di ẹrù."

Àṣíáwù tó ń ta ẹja yìnyín lódìkejì ló dá ọ̀rọ̀ kọ́sítọ̀mù sílẹ̀. Ó bi Bàbá níbi tí wọ́n ti ra móńítọ̀ náà, Bàbá ní Kútọnu. Àṣíáwù káwọ́ lérí. Ó ní ọ̀rọ̀ ti yé òun: ìjọba ti ti ojú ọ̀nà tán, wọn ò rí nǹkan mú níbẹ̀ mọ́, wọ́n ti wá ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé onílé báyìí láti ti gbogbo ohun tó bá ti Kútọnu wá. Ẹ má bú obìnrin náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni kọ́sítọ̀mù fọ́ sọ́ọ̀bù kan tí wọ́n kó ìrẹsì inú rẹ̀ lọ, kí lèèyàn ò ní gbà gbọ́? Kí oòrùn tó mú, Pahayi ti gbóná. Àṣíáwù kọjú fíríìjì rẹ̀ sí ògiri kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má baà rí i. Ọkùnrin kan tí wọ́n kọ Faransé sẹ́yìn fáànù rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ ha Faransé náà kúrò títí fáànù fi di ọmọ Nàìjíríà.

Bó ṣe di pé Bàbá gun ọ̀kadà lọ bá ọ̀gá Caleb nìyẹn. Gbogbo yín ti mọ bó ṣe parí.

Àárọ̀ ọjọ́ ìkómọ ni wọ́n tó rí Ọ̀ṣunníyì mú, ọmọ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá pólì, torí Ayétòrò ló ti lọ ṣiṣẹ́ látọjọ́ yìí. Kó tó dé, Màmá Lábísí ti wẹ̀, ó ti wé gèlè, ó ti jókòó síwájú móńítọ̀ tó dúdú yẹn.

Ọ̀ṣunníyì yọ wáyà, ó nù ún, ó tún un kì bọ̀ ọ́. Dúdú. Ó mú kọ̀ǹpútà tiẹ̀ jáde nínú báàgì, ó so ó mọ́ móńítọ̀, móńítọ̀ tàn yanranyanran. Ó ní, "Bàbá, kò sóhun tó ń ṣe móńítọ̀ yín."

"Ṣé o rí i? Àṣẹ ọ̀gá Caleb ti dé."

Ọ̀ṣunníyì gbé ẹ̀rín mì. Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà Bàbá, ó pàṣẹ fún un kó gbé àwòrán sórí gíláàsì méjèèjì, kọ̀ǹpútà ò dá a lóhùn. Ó ní kí àwọn pa á, kí àwọn tún un tàn. Bàbá ní ṣé kò lè wulẹ̀ tòògbé díẹ̀ ni. Wọ́n pa á, wọ́n tún un tàn. Pàbó. Ni Ọ̀ṣunníyì bá jókòó, ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un: nǹkan kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó jẹ́ pé òun ló ń bá móńítọ̀ sọ̀rọ̀. Ọ́pùdéètì ti lé ti àtijọ́ lọ, ó ti fi tuntun síbẹ̀, tuntun náà ò sì gbọ́ èdè móńítọ̀ àgbà yìí. Kí àwọn dá tuntun padà, kí ti àtijọ́ máa bọ̀ nílé.

Fóònù dún. Ìdùnnú ni, láti Pòbẹ́. Ó ní àlejò ti pé, pásítọ̀ ti dìde, àwọn ń dúró dè wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ò lè dúró pẹ́ o.

Ọ̀ṣunníyì tẹ ibi tó yẹ. Kọ̀ǹpútà bá bi wọ́n ní ìbéèrè: kí ló dé tí ẹ fẹ́ dá a padà? Ó to ìdí oríṣiríṣi kalẹ̀ kí wọ́n mú ọ̀kan, ó sì fi àlàfo kékeré sísàlẹ̀ fún ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ọ̀ṣunníyì fẹ́ mú èyí tọ́wọ́ rẹ̀ bá kó máa lọ. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọmọlúàbí kì í dá ọjà padà kó má wí tẹnu ẹ̀."

"Bàbá, kò sẹ́ni tó máa kà á."

"Ẹni tó bèèrè máa kà á."

Ló bá fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó fi ìka kan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Fóònù ń dún. Òógùn bo Ọ̀ṣunníyì. Ó fẹ́ gba kọ̀ǹpútà náà tipátipá, ìgbà yẹn ni Màmá Lábísí tó la ẹnu: "Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ tán."

Ohun tí Bàbá kọ nìyí, Ọ̀ṣunníyì há a sórí dòní: "Ẹ̀yin ará ibẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tuntun tí ẹ fi ránṣẹ́ dára, a ò bú u. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi fẹ́ rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó ṣú. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká gba ti tẹ́lẹ̀ padà. Èmi ni tiyín, Cornelius Fágbénró, tíṣà." Ó fi àmì ìdánudúró síbẹ̀, ó tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá àṣìkọ wà níbẹ̀, ó wá ní kí Ọ̀ṣunníyì máa bá iṣẹ́ lọ.

Móńítọ̀ ṣẹ́jú. Ó tún dúdú. Lẹ́yìn náà ló mọ́lẹ̀ kedere, inú ilé gan-an sì mọ́lẹ̀ sí i.

Bí wọ́n ṣe sọ ọmọ lórúkọ nìyẹn. Bàbá ní Ìtẹ́olúwakìíṣí ni òun sọ ọ́. Àwọn àna ní Pòbẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó dín orúkọ náà kù díẹ̀, pé àwọn tó máa kọ ọ́ sínú ìwé ìbí ní Faransé, ẹnu wọn ò lè gbà á. Bàbá Cornelius kọ̀. Ó ní iye kan lòun ń tà á.

Ìdùnnú wá gbé ọmọ sún mọ́ fóònù tiẹ̀, ojú ọmọ náà kún móńítọ̀ bámúbámú. Màmá tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Ibi tọ́mọ ti ń yán ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, àwòrán dúró gbagidi, ẹnu ọmọ wà lílà. Ọ̀ṣunníyì sáré na ọwọ́ kó tún un ṣe. Bàbá ní, "Fi sílẹ̀. Má fọwọ́ kàn án."

Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ ò mira, Màmá náà ò mira. Ó ń wo iwájú orí, ó ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń wò ó fínnífínní bí ẹni ń ṣa ìrẹsì. Nígbà tó yá, ó fi ìka kan ibì kan lára gíláàsì. Ó ní, "Bàbá Ìdùnnú, etí yín rèé." Bàbá fọwọ́ kan etí ara rẹ̀. Ó bá jókòó tì í, àwọn méjèèjì jọ ń wò ó.

Nígbà tí Bàbá Cornelius máa kú, bodè ti ṣí tipẹ́. Àìsàn tó pa á ò pẹ́ lára rẹ̀ rárá. Ojú Màmá Lábísí ti ṣú pátá nígbà yẹn, kò lè mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Gbogbo àdúgbò pé jọ sílé, wọ́n ń rántí ọ̀rọ̀ ọ̀gá Caleb, wọ́n ń rántí ààwẹ̀, ẹ̀rín ń pa wọ́n, omijé ń bọ́. Ìdùnnú wọlé láti Pòbẹ́, ó fa ọmọkùnrin kan lọ́wọ́. Ọmọ náà ti ga, ojú ń tì í, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Àṣíáwù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé rẹ̀ fún Màmá, pé ó dúdú dáadáa, pé ẹyinjú rẹ̀ tóbi, pé bó bá rẹ́rìn-ín báyìí...

Màmá ní kó má wulẹ̀ ṣe wàhálà. Ó na ọwọ́, wọ́n fa ọmọ náà sún mọ́ ọn, ìka rẹ̀ sì lọ tààrà síbi etí.

"Mo mọ̀ ọ́n," ló wí. "Bàbá àgbà rẹ̀ ti fi hàn mí."