Ohun Tí Ẹ̀rọ Mi Rí Lọ́rùn Ìyá Mi

Ní ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìrọ̀lẹ́, ìyá mi ti ilé ìwòsàn dé sílé wa ní Bàrígà. Wọ́n ti fún un ní oògùn áyódìn onítànṣán gbé mì nítorí gẹ̀gẹ̀ ọrùn rẹ̀. Ìwé tó mú bọ̀ sọ pé kó jìnnà sí aláboyún àti ọmọ kékeré fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Yàrá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọjú sí tirẹ̀, oyún rẹ̀ sì ti pé.

Mo ní ẹ̀rọ kan tí mo fọwọ́ ara mi tò, tí mo so mọ́ kọ̀ǹpútà. Ohunkóhun tó bá ń tú ìtànṣán jáde, ẹ̀rọ náà a ya góńgó rẹ̀ bí òkè ṣóńṣó sójú kọ̀ǹpútà, góńgó kọ̀ọ̀kan sì ní àyè tirẹ̀. Mo ti fi wo òkúta, mo ti fi wo eérú ààrò. Ti áyódìn wà ní nọ́ńbà 364. Ti ìyá mi ga débi pé mo rí i láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi bímọ obìnrin lọ́jọ́ kẹfà tí ìyá mi dé. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ọ̀ọ̀dẹ̀ ni ìyá mi jókòó sí. Orúkọ tó fún ọmọ náà, ẹlòmíràn ló bá a gbé e wọlé.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, ìyá mi wẹ̀, ó mú ọ̀já, ó dúró níwájú mi.

“Akọ̀wé, ṣé ẹ̀rọ ẹ ti yọ̀ǹda mi?”

Mo gbé ẹ̀rọ náà sún mọ́ ọrùn rẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Góńgó náà ti kéré, ṣùgbọ́n ó ṣì wà. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù díẹ̀ sí i. Ó ní dókítà ló kọ ìwé, èmi kọ́. Mo ní ohun tí mo fojú rí ni mò ń sọ. Ó ká ọ̀já náà, ó wọlé.

Àṣìṣe mi nìyẹn. Ẹ̀rọ mi máa ń rí èyí tí kò tó nǹkan, tí kò lè pa ọmọ lára. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. N kò ro ìyẹn nígbà tó yẹ.

Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn náà, ibà mú ọmọ náà láàárọ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti kú.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, ẹ̀gbọ́n mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun fi ọmọ náà sílẹ̀ lójú oorun nílé lọ́jọ́ kan tí òun sáré lọ sí Obanikoro.

“Má purọ́ fún mi. Ṣé Mọ́mì gbé e?”

Mo ní bí wọ́n bá tiẹ̀ gbé e, ìyẹn kọ́ ló pa á. Ó ní ohun tí òun bi mí kọ́ nìyẹn.

Mo gba aṣọ tí wọ́n fi ń wé ọmọ náà, tí a kò tíì fọ̀. Òógùn ìyá mi a máa fi áyódìn sílẹ̀ lára aṣọ. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo rí góńgó náà lára ìrọ̀rí ìyá mi. N kò lè fi aṣọ nìkan búra pé kò fọwọ́ kan ọmọ náà rí. Ṣùgbọ́n mo gbé e síwájú ẹ̀rọ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, n kò sì rí ohunkóhun ti ìyá mi lára rẹ̀.