Mo Pe Ìyá Basírà ní Ọ̀bùn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ gbé abọ́ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná kí ẹ tó ka ohun tójú mi rí nílé mi ní Ìbà. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bì sórí fóònù rẹ̀ nítorí mi o!

Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé nǹkan méjì ló ń mú mi gbàgbé ìṣòro: àwo orin àti búrẹ́dì. Kì í ṣe orin orí fóònù o. Àwo dúdú gidi ni mò ń sọ, àwọn orin ijó tí àwọn bàbá wa fi ń ja bàtà nígbà ọ̀dọ́ wọn. Tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣe fèrèsé ní Okokomaiko, ilé ló kàn. Màá gbé àwo kan sí i, màá da fláwà sínú abọ́, màá sì máa pò ó títí ojú kan àwo náà á fi parí. Àwọn kan ní kí ni ọkùnrin ń fi búrẹ́dì ṣe. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó béèrè!

Nígbà òjò tó kọjá, mo ra amplifier tòkunbọ̀ kan, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn orin sókè, ní Ọjà Àlàbá. Ohùn rẹ̀ dùn, àmọ́ ó máa ń gbóná lórí. Ẹ sì mọ̀ pé tí òtútù bá mú, ìyẹ̀fun búrẹ́dì kì í fẹ́ wú. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé abọ́ ìyẹ̀fun mi lé orí ẹ̀rọ náà, màá fi aṣọ bò ó, orin á máa lọ, búrẹ́dì á máa wú. Mo ṣe fídíò rẹ̀ síbí, àwọn kan nínú yín tiẹ̀ pè mí ní engineer.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí aáyán bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Kì í ṣe aáyán ńlá tiwa tí èèyàn máa ń fi bàtà gbá pa o. Kéékèèké ni wọ́n, wọ́n pọ́n rúsúrúsú, eré wọn ò ṣeé lé. Mo rí wọn nínú ife. Mo rí ọ̀kan lára búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń fọ ẹnu! Ó kó mi nírìíra débi pé mò ń fọ ṣíbí kí n tó jẹun, mo tún ń fọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí mo bá jẹun tán.

Ta ni mo dá lẹ́bi? Ìyá Basírà ni, obìnrin Ìsẹ́yìn tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, òun àtàwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́ta. Ẹja gbígbẹ ló ń tà, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló sì ń kó apẹ̀rẹ̀ sí. Ṣé ó tún kù síbì kan? Lójú tèmi, ẹjọ́ ti parí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá aáyán kan tó ń rìn lórí búrẹ́dì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Inú bí mi, mo jáde sí kọ́rídọ̀, mo sì sọ̀rọ̀ sí obìnrin náà níṣojú àwọn ọmọ rẹ̀ àti gbogbo ilé. Mo ní ọ̀bùn ni. Mo ní òórùn ẹja rẹ̀ ló ń pe aáyán jọ, àti pé òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń rùn. Kò bú mi padà. Ó kàn ní, “Bọ̀dá Kọ́lá, ẹ ṣeun o,” ó sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé.

Àwọn ọmọ yẹn máa ń wá gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀. Wọn ò wá mọ́. Ẹ gbọ́, mo tiẹ̀ ní ó dáa bẹ́ẹ̀!

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni màmá Morẹ́nikẹ́ ní àwọn ń bọ̀. Morẹ́nikẹ́ ni mo fẹ́ fẹ́. Màmá rẹ̀, àgbà kan nínú ìjọ aláṣọ funfun ní Ijanikin, kò tíì fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ọkùnrin tó ń kó àwo orin jọ kiri, irú ilé wo ni irú wọn ń gbé? Wọ́n fẹ́ fojú ara wọn rí i. Morẹ́nikẹ́ kìlọ̀ fún mi pé ohun tí màmá òun bá sọ lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ ni òun máa dúró sí.

Ọ̀sán Sátidé ni. Mo ti fi omi gbígbóná nu ògiri pàápàá. Mo ti ṣe búrẹ́dì alágbọn kan, abọ́ ìyẹ̀fun kejì ṣì wà lórí amplifier. Màmá wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n jẹ ègé kan, wọ́n tún nawọ́ mú òmíràn. Wọ́n bi mí bóyá èmi ni mo ṣe é lóòótọ́. Morẹ́nikẹ́ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní báwo ni mo ṣe ṣe é tó fi rọ̀ tó báyìí?

Èmi aláṣehàn! Mo dìde, mo ṣí aṣọ orí abọ́ náà kí wọ́n lè rí i, mo ṣàlàyé bí mo ṣe ń ṣe é, mo tún yí ohùn orin sókè kí wọ́n lè gbọ́ báàsì. Bí báàsì yẹn ṣe lù, aáyán kan yọ jáde látinú ihò ara ẹ̀rọ náà.

Màmá ní, “Kí nìyẹn?”

Mo sáré ní, “Ẹ má bínú mà, obìnrin iwájú yẹn ni. Ọ̀bùn gbáà ni! Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń wá.” Mo gbé abọ́ náà sílẹ̀, mo sì dorí amplifier náà kodò kí n lè rí èyí tó sá padà sínú rẹ̀, kí n pa á níṣojú wọn.

Kí ni mo fẹ́ pa? Wọ́n tú jáde wọ̀ọ̀! Àgbà wọn, ọmọ wọn, àwọn tó gbé ẹyin sídìí, awọ tí wọ́n ti bọ́ sílẹ̀, ìgbẹ́ wọn tó dà bí ata gígún. Gbogbo rẹ̀ dà sínú abọ́ ìyẹ̀fun tí mo gbé sílẹ̀. Mo rántí gbogbo búrẹ́dì tí mo ti jẹ láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ̀gbin yìí, inú ilé tèmi ló ń gbé! Màmá rọra tu èyí tó wà lẹ́nu wọn sínú áńkáṣífì.

Mo ti ń retí kí wọ́n pariwo. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, “Kọ́lá, ọ̀dọ̀ obìnrin tí o pè lọ́bùn yẹn ni mo ti ń bọ̀. Ó ti tó wákàtí kan tí mo ti dé. Mo jókòó sórí ẹní rẹ̀, mo mu omi rẹ̀, mo bi í léèrè ìwà rẹ. Ó ní ọmọ dáadáa ni ẹ́, ó ní o máa ń fún àwọn ọmọ òun ní búrẹ́dì. Kò sọ nǹkan míì.”

Ṣé kò yẹ kí n ti mọ̀? Àgbà wo ló ń ṣèwádìí ọkọ ọmọ tí kì í yà lọ́dọ̀ aládùúgbò?

Wọ́n dìde. “Aáyán, a lè pa á. Ẹnu tí o fi sọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ni mi ò mọ oògùn rẹ̀.” Wọ́n lọ, Morẹ́nikẹ́ sì tẹ̀ lé wọn láìbojú wẹ̀yìn.

Mo bì lẹ́yìnkùlé títí kò fi sí nǹkan kan nínú mi mọ́. Lẹ́yìn náà, mo lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Basírà. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ tí mo gbé ẹ̀rọ náà dé lòun náà ti ń rí aáyán, pé oògùn aáyán lòun ń rà kiri. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ó ní ṣé mo jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀?

Ó wá ní, “Bọ̀dá Kọ́lá, ẹ dìde. Èmi ti gbàgbé. Basírà ni ò gbàgbé. Ó ní kí n má wá mú òun nílé ìwé mọ́, kí àwọn ọ̀rẹ́ òun má baà sọ pé à ń rùn.”

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Ẹ̀gbin tí mo rí nínú ẹ̀rọ yẹn ò tó èyí tí mo rí lára mi lọ́jọ́ náà.

Mo ti gbé amplifier náà sọnù. Màmá Morẹ́nikẹ́ ò tíì dá mi lóhùn, mi ò sì lè sọ pé wọ́n ṣàṣejù. Ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Ẹ tú ẹrù tiyín wò dáadáa kí ẹ tó nàka sí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíì.

Ṣé irú rẹ̀ ti ṣe ẹnikẹ́ni nínú yín rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, torí mo nílò rẹ̀ gan-an. Mo ti gbé búrẹ́dì tuntun lọ sẹ́nu ọ̀nà wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá gbà á, ó sì dúpẹ́. Basírà wò mí, ó gbé ọwọ́ ara rẹ̀ sí imú wò bóyá ó ń rùn, ó sì wọlé lọ. Báwo ni wọ́n ṣe ń bẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀?