Irúgbìn Ṣọkọ Ìyá Mi ní Ẹ̀yìnkùlé Abuja

Ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹta ọdún 1988 ni òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ sí adúgbò wa lẹ́bàá Life Camp. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Mo wo aago ọwọ́ mi, nítorí pé láti ọjọ́ tí mo ti kó dé Abuja ni mo ti ń retí òjò náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti kọ ebè sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì ti fọ́n ìdajì irúgbìn ṣọkọ tí ìyá mi dì fún mi.

Irúgbìn yẹn kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè tún rà. Ẹ̀yìnkùlé ìyá mi nílé ni ó ti ń hù láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Igi rẹ̀ pupa, ewé rẹ̀ fẹ̀, bí a bá sì ré e lónìí, kì í pẹ́ tó fi ń yọ ọ̀mùnú. Ìyá mi ní ọwọ́ ìyá tiwọn ni àwọn ti gbà á. N kò lè fi ìdí ìyẹn múlẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé n kò rí irú rẹ̀ rí ní ọjà kankan, bẹ́ẹ̀ mo sì máa ń wò dáadáa. Lọ́dún tí mo jáde ní yunifásítì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin da kọnkéré sí gbogbo ẹ̀yìnkùlé náà, ó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ìyá mi gbọn ìwọ̀nba èso tó kù sínú aṣọ, wọ́n sì fi lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mo ń bọ̀.

“Èyí ló kù,” ni wọ́n wí. “Bí kò bá hù lọ́wọ́ rẹ, ó parun nìyẹn.” Wọ́n tún bi mí: “Ṣé ilẹ̀ tiẹ̀ wà ní Abuja yẹn, àbí sìmẹ́ńtì náà ni gbogbo rẹ̀?”

Nílé wa lápá Ọ̀ṣun, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, òmíràn kì í pẹ́ tẹ̀lé e. Ohun tí mo gbọ́kàn lé nìyẹn. Òjò Abuja rọ̀ tán, ó bá tirẹ̀ lọ. Irúgbìn hù, ó yọ ewé méjì méjì tó rí wẹ́wẹ́, oòrùn sì pa gbogbo rẹ̀. Mo ń bomi rin ín ní àárọ̀ àti ní alẹ́, ṣùgbọ́n bí omi ẹ̀rọ ṣe ń wá ni ó ń lọ.

Bírikìlà kan láti Ọ̀yọ́ ni a jọ ń gbé ilé náà, àwọn àti ìyàwó wọn tó lóyún. Bírikìlà yìí wà lára àwọn tó kọ́ ilé ọ̀hún. Wọ́n yọjú lójú fèrèsé lọ́jọ́ kan tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ebè.

“Àǹtí yunifásítì, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ ń gbìn?”

“Ẹ̀fọ́ ni, bọ̀ọ̀dá.”

“Kai! Lórí ilẹ̀ tí èmi fúnra mi da àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sí? Ilé ni yóò hù níbẹ̀ o, kì í ṣe ẹ̀fọ́.”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo pinnu pé n kò ní gbin ìdajì tó kù nítorí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, títí kan ọ̀rọ̀ ti ara mi, àfi tí ilẹ̀ bá tutù dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, mo ń ti àdá bọ ilẹ̀ láti wo ibi tí omi wọ̀ dé. Ní gbogbo oṣù kẹrin, òkè lásán ló ń tutù. Mo fi ìgbà náà ṣa àfọ́kù búlọ́ọ̀kù kúrò, mo sì ń lọ kó ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ lójú ọ̀nà tí àwọn Fúlàní ń da ẹran gbà. Wọ́n á ní “Sànnu”, èmi náà á ní “Yauwa, sànnu”, Hausa mi tán síbẹ̀. Nínú oṣù karùn-ún, òjò kan rọ̀ tí àdá fi wọlẹ̀ dé èèkù. Ní ọjọ́ kẹta, ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ṣì tutù. Mo fọ́n ìyókù.

Ó hù. Kì í ṣe pé ó kàn hù, ó bo ilẹ̀. Mo gbin òdòdó pupa àti aláwọ̀ ìyeyè yí ebè ká, nítorí pé mo fẹ́ràn láti máa wò wọ́n, kò sí ìdí mìíràn.

“Òdòdó kẹ̀!” ni bírikìlà wí. “Ṣé a ó fi jẹ ẹ̀bà ni?”

“Ojú náà ń jẹun, bọ̀ọ̀dá.”

“Ẹ gbọ́ o! Kí ojú wá máa san owó gàrí.”

Mo sọ fún ìyàwó wọn pé kó máa já ẹ̀fọ́ nígbàkigbà tó bá fẹ́ se ọbẹ̀. Nígbà tí ṣọkọ náà ga dé ìbàdí mi, mo yan àwọn tó lágbára jù sọ́tọ̀ fún irúgbìn. Kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì ré wọn, mo ya aṣọ pupa kan tó ti gbó, mo sì so ó mọ́ wọn nídìí.

Láti ìgbà náà, ìyàwó bírikìlà kò dé inú ọgbà mọ́. Yóò kí mi, yóò sì wọlé. Mo kọ́kọ́ rò pé oyún ló mú un. Nígbà tó yá, mo kíyè sí i pé ó ń ra ẹ̀fọ́ lọ́jà, ìyẹn kò sì bá ọ̀rọ̀ oyún mu. Mo bi í.

“Àǹtí, ṣé mo jí nǹkan yín ni?”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ààlè tí ẹ so sínú ọgbà ńkọ́? Aṣọ pupa! Èmi aboyún! Bí mo bá ṣèèṣì fẹsẹ̀ kàn án ńkọ́?”

 Ààlè ni olóko ń so láti fi kìlọ̀ fún olè pé nǹkan yóò mú un. Ọmọ Yorùbá ni mí, mo mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ kò wá sí mi lọ́kàn rárá.

“Àmì lásán ni,” ni mo wí. “Irúgbìn ìyá mi ni. Òun nìkan ló kù láyé.”

“Ẹ tú u nígbà náà.”

Mo ronú sí i. Bí mo bá tú u, ọ̀bẹ ẹnikẹ́ni lè débẹ̀. Bí n kò bá tú u, mo ti pe aládùúgbò mi ní olè. Mo tú gbogbo rẹ̀ níṣojú rẹ̀, mo sì fi igi kọ̀ọ̀kan hàn án. “Ìwọ ni kó o bá mi máa ṣọ́ wọn.”

Ó bí ọmọbìnrin kan nínú oṣù kẹjọ. Ọgbà mi ni ẹ̀fọ́ ìkómọ ti wá, gbogbo rẹ̀ pátá, ó sì tó. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn obìnrin tó wá dáná ya wọ inú ebè pẹ̀lú ọ̀bẹ. N kò tíì sọ̀rọ̀ tí mo fi gbọ́ igbe ìyá ọmọ láti ojú fèrèsé:

“Ẹ má fọwọ́ kan èyí tó ti ń tanná yẹn o! Ẹni tó bá gé e, òun ni yóò jẹ́jọ́ níwájú ìyá Àǹtí!”

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ìtànná ṣọkọ náà gùn sí i, ó funfun ní ìsàlẹ̀, ó pọ́n ní orí, ó sì lẹ́wà ju àwọn òdòdó mi lọ.

Òjò ti ń lọ sópin nígbà tí ìyá mi wá. Wọn kò tíì jókòó tí wọ́n fi gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Wọ́n já ìtànná kan tó ti gbẹ, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, wọ́n fẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀ dànù. Èso dúdú ń dán lọ́wọ́ wọn.

“Òun ni,” ni wọ́n wí.

Ìyá mi kì í yìn mí lójú mi. Ṣùgbọ́n mo wà nínú ilé ìdáná nígbà tí bírikìlà wá kí wọn, mo sì gbọ́ ohun tí ìyá mi sọ: “Ẹ wá wò ó. Ọmọ mi ló gbìn ín. Orí òkúta ló gbìn ín sí o!”

“Mo mọ òkúta náà, Màmá,” ni bírikìlà dáhùn. “Èmi ni mo dà á síbẹ̀.”

Ìyá mi bu irúgbìn lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó ti hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga iwájú ilé, ṣùgbọ́n n kò tíì débẹ̀ láti fojú ara mi rí i. Ti ibí ni mo lè jẹ́rìí sí. Ní oṣù karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, èmi àti ìyàwó bírikìlà jọ fọ́n in, èmi sórí ebè tèmi, òun sórí ebè tirẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, méjèèjì ti hù.