Ẹsẹ̀ Kan Nínú Bàtà

Kò sí ẹni tó mọ olóògbé Alàgbà Fẹ́yìsetán ní Dagenham tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tó bọ́ bàtà àwọn ọmọdé lórí pèpéle. Ìdíje orin ni. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin ní ìjọ Aládúrà kan nítòsí Parsloes Park, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í wọ bàtà wọlé, àtẹ́lẹsẹ̀ lásán ni wọ́n sì fi ń lu ilẹ̀ kí orin má baà yà. Bàbá a máa wí pé, "Ẹsẹ̀ tó wọ bàtà, adití ni."

Ìgbìmọ̀ ìjọ ti kìlọ̀ fún un ṣáájú: "Bí ẹ bá dójú tì wá, a ó gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ yín."

Obìnrin tó ń bójú tó gbọ̀ngàn náà sáré wá. "Sir, wọn ò lè wà láìwọ bàtà níbí. Òfin ààbò ni."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká pín in. Ẹsẹ̀ ọ̀tún fún òfin, ẹsẹ̀ òsì fún orin."

Wúrà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan nínú àwọn akọrin náà, bojú. "Grandpa, that's so embarrassing, jọ̀ọ́."

Obìnrin náà rò pé àwàdà ni. Kó tó rẹ́rìn-ín tán, ọmọ mọ́kànlélógún ti bọ́ bàtà òsì.

Wọ́n kọ orin tí àwọn àgbẹ̀ Japan fi ń gbin ìrẹsì, láìsí dùùrù, láìsí àṣìṣe. Àwọn adájọ́ ní orin dùn, ìmúra ni kò pé. Wọ́n fi wọ́n ṣe ìkẹyìn.

Bí Bàbá ṣe rí nìyẹn. Ó ti wa bọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, etí rẹ̀ kò sì gba ohùn tó bá yà. Lọ́jọ́ kan ní Heathway, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kan, ó kọ̀ láti wọlé. "Aago ẹnu ọ̀nà yín ń kọ ohùn fà, ohùn sò ló yẹ kó kọ. Bátìrì rẹ̀ ti ń kú."

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ rà?"

"Bátìrì."

Ó rà á, ó fún wọn, ó gbàgbé búrẹ́dì tó wá rà. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Kíkẹ́lọmọ, wò ó títí. "Aago ti jẹun. Èmi ńkọ́?"

Àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá, orúkọ wọn ló fi kọ́ wọn ní dò-rè-mí. "Wúrà: mí, dò. Mìdé: dò, mí. Ọ̀kan ń sọ̀, ọ̀kan ń gòkè. Ẹ má kọlu ara yín lójú ọ̀nà."

Alàgbà Báyọ̀, alága ìgbìmọ̀, kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀mí wo ló wà nínú orin ìrẹsì?"

"Ẹ̀mí ebi, sà."

Lẹ́yìn ìdíje náà, wọ́n gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n ra ẹ̀rọ kan tí orin ti wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ kàn ń yanu tẹ̀ lé e. Ọdún mẹ́ta ni Bàbá fi jókòó ní ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá. Bí wọ́n bá bi í pé ṣé ó gbádùn orin, á ní, "Ẹ̀rọ náà ń gbìyànjú."

Ó kú ní oṣù kìíní ọdún yìí. Alàgbà Báyọ̀ ka ìwé ìyìn ojú ewé mẹ́ta, ó pè é ní òpó ìjọ. Kò sọ ẹni tó wó òpó náà.

Nígbà tí wọ́n dé itẹ́ òkú, ẹ̀rọ kò wúlò, nítorí kò síná níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn dúró nínú ẹrẹ̀. Wúrà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà òsì rẹ̀.

"Wúrà, it's freezing," ni Mìdé wí.

"Bọ́ tìẹ."

Ìyá Wúrà pariwo: "Òtútù á pa ọ́ o!"

"Mummy, adití ni bàtà."

Àwọn tó kù bọ́ tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n lu ẹrẹ̀, wọ́n sì gbé orin ìrẹsì. Alàgbà Báyọ̀ ń pàtẹ́wọ́. Bàtà rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́sẹ̀. Àtẹ́wọ́ rẹ̀ kò bá orin mu rárá.

Màmá Kíkẹ́lọmọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí orin parí, ó fa ìborùn rẹ̀ yọ, ó kúnlẹ̀, ó nu ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ òsì Wúrà.

"Ẹsẹ̀ yìí gbọ́," ló wí.