Ètò Tí Ó Sọ Ìyá Àgbà Di Àbúrò

Ogójì ìyá ni ẹgbẹ́ àdínì wa ní àdúgbò Djègan-Kpèvi fẹ́ fún ní ìwé ọlá. Orúkọ ìyá kọ̀ọ̀kan ni yóò wà lókè, ọjọ́ orí rẹ̀ yóò sì wà lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ní òǹkà, bí kò ṣe ní ọ̀rọ̀ Yorùbá gidi. Ẹni tó bá ní làákàyè ì bá jókòó fi ọwọ́ kọ ọ́ tán láàárín wákàtí kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun, ìgbéraga kò sì jẹ́ kí n mú báírò. Mo ní n óò kọ ètò tí yóò gba 85, tí yóò sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Ẹ má bi mí.

Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi ní ìṣirò, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ní ti Yorùbá, tí a bá fẹ́ pe 85, a óò kọ́kọ́ fò lọ sí àádọ́rùn-ún, kí a tó yọ márùn-ún kúrò. Ètò mi rántí láti yọ márùn-ún, ó gbàgbé láti fò. Orí ọgọ́rin, níbi tí Faransé ti ń bẹ̀rẹ̀ 85, ló ti yọ ọ́. Mo fi 21, 42 àti 63, àwọn tí kò ní yíyọ nínú, dán an wò, wọ́n pé géérégé, mo sì jó níwájú ẹ̀rọ.

Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí ìyá mi, jẹ́ ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé, tí à ń pè ní Ìyá Houinmè, jẹ́ ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Láti kékeré, ìyá àgbà ló ń kọ́kọ́ mú ẹran, òun ló ń jókòó sórí àga tó ní ìrọ̀rí. Àràárọ̀ ni àbúrò rẹ̀ ń wá kí i, "ẹ" ló sì fi ń bá a sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ ka àwọn ìwé náà síta. Ó pe Ìyá Houinmè: "Ọdún méjìlélọ́gọ́rin!" A pàtẹ́wọ́. Ó pe ìyá àgbà: "Ọdún márùndínlọ́gọ́rin!" Ìyá kan tí ètò mi sọ di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta dípò mọ́kàndínláàádọ́rin ti yára ki ìwé tirẹ̀ bọ abẹ́ bùbá. Kò tíì dá a padà títí di òní.

Ìyá Houinmè dìde. "Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ̀rọ ọ̀dínátọ̀ kì í purọ́. Ọdún méje ni mo fi ju ẹni yìí lọ. Àbúrò mi, kúrò lórí àga yẹn, jẹ́ kí n jókòó."

Ẹ̀rín bú. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run forí jì mí, títí mo fi rí ojú ìyá àgbà.

"Ta ló pọ̀n ọ́?" ó kígbe. "Èmi ni mo pọ̀n ọ́ lọ sí ọjà Ouando, tí o tọ̀ sí mi lẹ́yìn!"

"Ìwé kò rí ìtọ̀," ni àbúrò rẹ̀ fèsì.

Nígbà tí a délé, ìyá àgbà kò fọwọ́ kan oúnjẹ. "Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n," ó ní. "O ti gbà á lọ́wọ́ mi." Ojú tì mí gan-an. Mo tún ètò náà ṣe, ìlà kan péré ni, mo sì tẹ ìwé mìíràn. Ṣùgbọ́n Ìyá Houinmè kò wá kí wa lọ́jọ́ kejì, kò wá lọ́jọ́ kẹta. Ó ń retí kí àbúrò wá kí ẹ̀gbọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ìyá àgbà ní kí n pe zẹ́mì méjì. A gun ọ̀kadà lọ sí Houinmè. Àbúrò rẹ̀ jókòó síwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó rí wa, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fa ìwé tuntun yọ kí n kà á. Ìyá àgbà fọwọ́ tì mí. Ó di èjìká mi mú, egungun rẹ̀ ń dún, ó sì kúnlẹ̀ sórí iyanrìn.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú pé mo pẹ́."

Ìyá Houinmè fò dìde, ẹ̀wà dà sílẹ̀. "Háà! Ẹ dìde! Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?" Òun náà wó lulẹ̀ sórí orúnkún. Ni àwọn méjèèjì bá wà nílẹ̀, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kò sì sí èyí tó lè dìde.

Mo na ọwọ́ sí Ìyá Houinmè, torí òun ló sún mọ́ mi. Ó gbá ọwọ́ mi dànù.

"Ṣé o ò lẹ́kọ̀ọ́ ni?" ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi ni kí o kọ́kọ́ gbé."